Ìdákẹ́jẹ́ Ẹ̀yìn Kọ́tìnnì

Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń pariwo ni, inú ìyàwó ilé yìí ì bá má bí tó bẹ́ẹ̀. Ariwo ní ìtumọ̀. Ẹni tí wọ́n ń wọ́ ara fún a máa kérora, a máa ké pé "yéè, ẹ rọra," nígbà mìíràn a tiẹ̀ máa bú ẹni tó ń wọ́ ọ. Ẹni tó bá wà ní pálọ̀ á gbọ́, á sì mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí obìnrin kan bá wọ yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé, tí ọkọ ìyàwó ilé sì fa kọ́tìnnì, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ atíòro lẹ́nu. Kò sí ìkérora, kò sí ẹ̀rín, kò sí ìró ọwọ́ lára. Ìdákẹ́jẹ́ lásán ni. Ìdákẹ́jẹ́ yìí sì ni ìyàwó ilé ń gbọ́ létí tọ̀sán tòru, kódà nígbà tó bá dúró láàárín àwọn máṣíìnì níbi iṣẹ́, níbi tí èèyàn kò ti lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ọ̀gá láìnì, ìyẹn ìlà máṣíìnì kan, ni nílé iṣẹ́ aránṣọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ojú-Abẹ́rẹ́, nítorí pé kò sí òwú tó lè kọjá kí ó má rí i. Ọkọ rẹ̀ náà ní orúkọ tí àdúgbò fún un: Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀. Kì í tẹ egungun, kì í na iṣan, kì í lo òróró. Yóò kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ibi tó ń dun èèyàn, yóò sì dúró, títí ibẹ̀ yóò fi dẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tó ní sùúrù fún ọrùn ẹlòmíràn tó báyìí, kí ni kò ní ní sùúrù fún?

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, Ojú-Abẹ́rẹ́ wọ yàrá náà láti mú korobá. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì gígùn tí àwọn aláìsàn ń dùbúlẹ̀ sí. Tábìlì ìgéṣọ ni, ilé iṣẹ́ ló dà á nù, òun fúnra rẹ̀ ló sì tọrọ rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ń gbé orí sí, ó rí ìró kan tí wọ́n ṣẹ́ po dáadáa. Ìró tó fi pọn ọmọ wọn kan ṣoṣo ni, kí ọmọ náà tó dàgbà tó lọ sílé ọkọ. Ó gbé e sí imú. Kanafùrù. Ẹnì kan tó fi òróró kanafùrù ra irun ti sùn lórí aṣọ ọmọ rẹ̀.

Ó gbé aṣọ náà lọ bá ọkọ rẹ̀ ní ìdáná, níbi tó ti ń gé búrẹ́dì.

"Ta ló sùn lórí aṣọ yìí?"

"O ò tiẹ̀ kí mi káàárọ̀."

"Mo ní ta ló sùn lórí aṣọ ọmọ mi?"

"Aláìsàn ni, ìyàwó mi. Ìró yìí ló rọ̀ jù nínú gbogbo aṣọ ilé yìí. Táwẹ̀lì máa ń rin wọ́n lọ́rùn."

"Ó ń rin wọ́n lọ́rùn! Ẹ kú àníyàn o. Gbogbo ọrùn ìlú lẹ mọ̀, àfi ti ìyàwó yín."

Ọkọ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ìgbà wo lo jẹ́ kí n fọwọ́ kan tìrẹ? Èjìká ọ̀tún rẹ ti ga ju tòsì lọ. Bí o bá fẹ́ mú ife, ọwọ́ òsì lo fi ń mú un. Ṣé o rò pé mi ò rí i?"

"Èmi kì í ṣe aláìsàn yín. Ìyàwó yín ni mí."

"Ṣé ìyàwó kì í ní èjìká ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì ìjẹun, láàárín búrẹ́dì àti tíì. "Ẹ dárúkọ ẹ̀ fún mi."

"O mọ̀ pé mi ò ní í dárúkọ ẹ̀."

"Fún èmi?"

"Fún ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ yín ni gbogbo wọn ti ń wá. Bí àwọn ọ̀gá yín bá gbọ́ pé ara ẹnì kan kò dá ṣáṣá mọ́, kí ni wọ́n ń ṣe fún un?"

Ó mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń béèrè lọ. "Lọ sinmi" ni wọ́n ń sọ. Wọ́n á sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣàánú. Ẹni tí wọ́n bá sì ti ní kí ó lọ sinmi, kò sí ẹni tó rí i kí ó padà wọlé rí. Àga rẹ̀ kò ní í tutù kí ẹlòmíràn tó jókòó sórí rẹ̀.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ló wí. Nígbà tí inú bá bí i gan-an nìkan ló máa ń pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ohun tí o ń fi pa mọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn, màá rí i."

"Búrẹ́dì rẹ rèé," ni ọkọ fi fèsì.

Kò mú un. Ebi àti owú ló jọ bá a jáde nílé.

Lẹ́nu géètì, Ìyá Alágbàfọ̀, aládùúgbò wọn, ń sá aṣọ oníbàárà sórí okùn. "Ọ̀gá, ẹ kú ojúmọ́ o! Ọkọ yín mà ń ṣiṣẹ́ o. Èyí tó wá lánàá, nígbà tó ń bọ̀, ó ń rìn bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dànù. Nígbà tó jáde, ẹ wá wò ó! Ó ń yí orí kiri bí àparò. Orin ló ń kọ lọ."

"Irú obìnrin wo ni?"

"Háà, èmi ò mọ̀ o. Èmi kì í yọjú wo ilé onílé." Ó fún omi kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì kan. "Tẹ́ẹ́rẹ́ ṣá ni. Sálúbàtà ẹ̀ ti jẹ ní gìgísẹ̀ ọ̀tún, ó gbé ọṣẹ méjì sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju èyí tó wá ṣáájú ẹ̀ lọ. Èmi ò wò ó."

Nílé iṣẹ́ náà, ohun tí èèyàn bá ń rán ni orúkọ rẹ̀. Alápò ń rán àpò, Alápá ń rán apá, Oníkọ́là ń rán kọ́là ọrùn aṣọ. Kò sí ẹni tó ń rán odidi aṣọ, nítorí náà kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń sinmi láti ṣe ohun mìíràn. Àga wọn kò ní ẹ̀yìn. Fèrèsé wà lókè, ibi tí ojú ẹni tó jókòó kò lè dé. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, gbogbo orí ló tẹ̀ síwájú, bí ọkà tí òjò lù. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń sanwó fún, ṣùgbọ́n ọrùn ni wọ́n ń jẹ, ẹ̀yìn ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ẹni tí yóò bá a kó egungun rẹ̀ jọ.

Ojú-Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti orí láìnì wá sí ìsàlẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn obìnrin kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yẹ ojú rírán wò. Irun ló ń gbóòórùn. Èyí, àdí. Èyí, ọṣẹ lásán. Èyí, èéfín ìdáná. Àlọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí lójú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ rí ìtumọ̀ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

"Ọ̀gá, ṣé kò sí o?" Alápò ni, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. "Ẹ ń fa imú bí ajá ọdẹ."

Àwọn tó wà nítòsí fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

"Máa rán àpò ẹ."

"Mò ń rán an o. Ká sáà máa rán àpò fún ẹni tó rí nǹkan fi sínú ẹ̀."

Ó kọjá. Níwájú, ẹnì kan ń ké pé kí Oníkọ́là na síṣọ́ọ̀sì sí òun. Oníkọ́là sì yíjú.

Ojú-Abẹ́rẹ́ dúró gbọin.

Láti ìgbà òjò tó kọjá, bí wọ́n bá pe Oníkọ́là, gbogbo ara ló fi ń yí, bí ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, wọn kò sì sọ ọ́, nítorí àrùn tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ jáde kì í sí nílé iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n lónìí, ọrùn nìkan ló yí. Ó yí wẹ́rẹ́, bí orí ọmọdé. Ó na síṣọ́ọ̀sì náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ojú-Abẹ́rẹ́ rìn bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kanafùrù.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi," ni Oníkọ́là wí. "Ṣé kọ́là náà dáa?"

Kọ́là náà dáa. Kò sí ẹni tó ń rán an tó o ní gbogbo láìnì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín músẹ́ yẹn ni ìyàwó ilé ń wò. Ẹ̀rín yẹn, ọwọ́ ọkọ òun ló ṣe é. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ gbóná lójijì, bí ìgbà tí wọ́n fi irin ìlọṣọ kàn án.

Ó kọrí sí ọ́fíìsì máníjà. Ṣé ó rò ó? Ó rò ó. Láti ìdí máṣíìnì dé ẹnu ọ̀nà yẹn jìn tó kí èèyàn ro nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

"Oníkọ́là," ló wí. "Ọrùn ẹ̀ ti bàjẹ́, sà. Ó ti pẹ́."

Máníjà jókòó sábẹ́ fáànù. "Ṣé kọ́là ẹ̀ ń wọ́ ni?"

"Rárá, sà. Ó kàn ń tọ́jú ọrùn ọ̀hún káàkiri ni."

"O ṣeun tó o sọ. Kó má lọ ṣubú síbí, kí wọ́n wá ní àwa la ṣe é." Ó kọ nǹkan sí etí ìwé tó wà níwájú rẹ̀. "Níbo ló ti ń tọ́jú ẹ̀?"

Fáànù ń yí. Ojú-Abẹ́rẹ́ wo etí ìwé náà. Kò tíì ronú dé ibí.

"Mo kàn gbọ́ ni, sà."

"Ojú-Abẹ́rẹ́! Ìwọ tí o kì í gbọ́ ohun tí o kò rí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ibi tí ẹnì kan bá ti rí ìtura, kò ní í dá lọ. Àwọn yòókù wà níbẹ̀. Tó bá di ọ̀la, wá sọ gbogbo wọn fún mi. O mọ̀ pé a ń wá ẹni tí yóò mójú tó láìnì méjèèjì."

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó kàn, wọ́n ti pe Oníkọ́là. Ó padà wá mú tìmùtìmù tó ń fi sórí àga, nítorí ilé iṣẹ́ kò fún wọn ní tìmùtìmù, olúkúlùkù ló ń gbé tirẹ̀ wá láti ilé. Kò sí ẹni tó gbórí sókè. Àwọn máṣíìnì kò dúró. Alápò pàápàá tẹ orí mọ́ àpò tó ń rán. Nígbà tí Oníkọ́là dé iwájú Ojú-Abẹ́rẹ́, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Wọ́n ní kí n lọ sinmi, ọ̀gá mi," ló wí. Ó fẹ́ wo àga rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo ara ló sì fi yí, bí ilẹ̀kùn.

Ó yẹ kí inú Ojú-Abẹ́rẹ́ dùn. Inú rẹ̀ sì dùn, fún ìwọ̀nba àkókò tí èèyàn fi ń gbé omi mì. Lẹ́yìn náà, kò mọ ohun tó kù nínú rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, ó ra ẹja díndín, èyí tó tóbi, irú èyí tí wọn kì í rà láìjẹ́ pé àlejò ń bọ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ se ìrẹsì tí yóò dùn, kí òun àti ọkọ òun jọ jẹun bí ìgbà àtijọ́, láìsí aláìsàn kankan lẹ́yìn kọ́tìnnì. Níwájú rẹ̀ lójú ọ̀nà, Alápò àti àwọn mélòó kan ń rìn lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí ó ti sún mọ́ wọn, wọ́n dákẹ́.

"Ẹ kú àárẹ̀, ọ̀gá," ni wọ́n wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ kú àárẹ̀."

Ó kọjá wọn. Nígbà tó kọjá tán, Alápò gbé ohùn sókè, bí ẹni tó ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀: "Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani o!"

Kò bojú wẹ̀yìn. Ọrùn tirẹ̀ náà kò jẹ́ kó lè bojú wẹ̀yìn.

Ìyá Alágbàfọ̀ ti ń kó aṣọ gbígbẹ kúrò lórí okùn. Ó rí i lókèèrè, ó sì sáré wá pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ìdì aṣọ ní àyà.

"Ọ̀gá, tẹ́ẹ́rẹ́ àná ti padà wá o. Ó ti pẹ́ tó ti dé. Ẹkún ló ń sun bọ̀, ó gbé tìmùtìmù mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ. Ọkọ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e wọlé ni."

"Ó gbé e?"

"Mo ní fẹ́rẹ̀ẹ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Wọ́n ti wà nínú yàrá látìgbà náà, n kò sì gbọ́ nǹkan kan."

Ojú rẹ̀ ṣú. Obìnrin tí òun lé kúrò níbi iṣẹ́, àṣé ilé òun ni òun lé e wá! Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà dún. Ó gba pálọ̀ kọjá, láílọ́ọ̀nù ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì. Ìdákẹ́jẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ kan náà yẹn. Lónìí ni àlọ́ yóò já.

Ohùn Oníkọ́là ló kọ́kọ́ gbọ́. Ohùn ẹni tó ti sunkún títí tí omijé gbẹ ni.

"Bọ̀dá, ta ló lè sọ fún wọn? Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ìyá mi gan-an ò mọ̀. Nínú ilé yìí nìkan ni mo ti sọ ọ́."

Àpótí ìjókòó dún díẹ̀ lábẹ́ ọkọ ìyàwó ilé.

"Màmá wa, ìyàwó yín, ni mo fẹ́ bẹ̀. Kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ fún máníjà. Wọ́n le o, ẹ má bínú, gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n le. Ṣùgbọ́n wọn kì í parọ́ mọ́ èèyàn. Bí wọ́n bá sọ pé kọ́là mi dáa, máníjà á gbọ́."

Ọkọ wí jẹ́jẹ́ pé, "Má sọ̀rọ̀ mọ́. Ọrùn rẹ tún ti ń le."

"Ẹ máa ń bi mí léèrè bí màmá wa ṣe ń dúró níbi iṣẹ́, apá tí wọ́n fi ń gbé ìdì aṣọ. Mo gbàgbé láti sọ fún yín lánàá. Apá ọ̀tún ni. Ọ̀tún náà ló ń dùn wọ́n. Wọ́n rò pé a ò rí i."

Ìyàwó ilé ká kọ́tìnnì náà.

Oníkọ́là dùbúlẹ̀ sórí tábìlì ìgéṣọ, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, aṣọ ìnujú kan lójú rẹ̀, sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Ọkọ jókòó sórí àpótí níbi orí rẹ̀, ó di ojú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ orí obìnrin náà, lórí ìró àtijọ́. Kò ṣe nǹkan mìíràn. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn: ọkùnrin kan tó gbé orí èèyàn dání, tó ń dúró.

Ọkọ la ojú. Ó wo ẹja ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì wo ojú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́, bí ó ti máa ń wo ara ẹni kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Ó fi àgbọ̀n pè é. Ìyàwó gbé ẹja sílẹ̀, ó sì lọ. Ọkọ mú ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó tì í sábẹ́ orí náà bí ó ti ń yọ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ṣe bákan náà sí òsì. Lẹ́yìn náà ó dìde kúrò lórí àpótí, ó fi ọwọ́ tẹ èjìká ìyàwó rẹ̀ kí ó jókòó, ó sì jáde.

Orí èèyàn wúwo. Kò mọ̀ pé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ìka rẹ̀, iṣan ọrùn Oníkọ́là ta bí okùn tí Ìyá Alágbàfọ̀ ń sá aṣọ sí. Ó gbọ́ tí omi ń dà sínú abọ́ ní ìdáná, tí ọkọ rẹ̀ ń fọ ọwọ́. Ó pẹ́ tó ń fọ̀ ọ́. Ó gbọ́ ilẹ̀kùn ìta. Ó gbọ́ tí aládùúgbò ń wí pé, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti parí ni? Ọ̀gá ti wọlé o." Ìró ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ kọjá lọ sí géètì.

"Bọ̀dá," ni Oníkọ́là wí lábẹ́ aṣọ ìnujú, ohùn rẹ̀ ti ń wọ oorun, "ọwọ́ yín tutù."

Bí ìyàwó ilé bá la ẹnu, obìnrin náà yóò mọ ohùn rẹ̀.

"Mi ò ráhùn o. Ẹ ti gbìyànjú. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún màmá wa tí wọ́n bá dé. Kí wọ́n bá mi rí máníjà lọ́la."

Lọ́la. Iṣan náà mì lábẹ́ ìka rẹ̀ bí ohun abẹ̀mí. Ó mì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Gbogbo ìwúwo orí náà wá bọ́ sí i lọ́wọ́, bí orí ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá. Oníkọ́là ti sùn lọ.

Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ń jó bí iná. Ẹja ń tutù nínú láílọ́ọ̀nù lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ojú fèrèsé ń ṣókùnkùn, kò sì sí ẹni tó wá tan iná. Ó jókòó síbẹ̀, orí obìnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè gbé e sílẹ̀, kò sì lè pariwo.